Níbi tí Ahọ́n Mi ti Fúyẹ́

Mo rántí ìgbà tí mo lè sọ ohun tí ìyàwó ilé kan ní Abidjan sè fún ọkọ rẹ̀ láàárọ̀, tí n kò sì mọ̀ bóyá ìyá àgbà mi, tí a jọ jókòó sórí ẹní kan náà, ti jẹun tàbí kò tíì jẹun. Kì í ṣe pé n kò fẹ́ràn ìyá àgbà. Ẹ bi ẹnikẹ́ni ní abúlé wa, lójú ọ̀nà tó gba Ikpinlè wọ inú oko, wọn á sọ fún yín pé ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo dàgbà sí, àti pé ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń yan gàrí kí ó má jóná. Ọkàn mi ló ti rìn jìnnà. Inú fóònù pẹlẹbẹ kan tí ojú rẹ̀ ti sán ló ń gbé, èmi náà sì ti kó tẹ̀ lé e.

Akólòlò ni mí. N kò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, torí n kò rántí ìgbà kankan tí ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu mi bí omi ṣe ń jáde láti inú agbè. Bí mo bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà á ti wà létè mi, á pé, á dán, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ á há, èmi á máa tì í, ojú mi á pọ́n, ọrùn mi á le. Nílé ẹ̀kọ́, bí olùkọ́ bá ní kí n dìde kí n ka Faransé sókè, àwọn ọmọ kíláàsì á máa fi ọwọ́ lu tábìlì tẹ̀ lé mi, bí ẹni ń lu ìlù fún oníjó. Olùkọ́ á bá wọn wí, òun náà á sì yíjú sí ojú fèrèsé kí n má baà rí ẹ̀rín tó ń pa á. Ṣùgbọ́n tí ó bá di kí a kọ ọ́ sínú ìwé, kò sí ọmọ tó lè dúró tì mí. Nínú ìwé, n kì í kólòlò. Mo fi ìwé kíkọ rìn títí mo fi dé lísè, ilé ẹ̀kọ́ girama, ní ìlú Adja-Ouèrè, àmọ́ bákì, ìdánwò àṣekágbá ibẹ̀, gbé mi ṣubú níkẹyìn, mo di ẹrù mi, mo sì padà sọ́dọ̀ ìyá àgbà.

Bàbá mi ti kú kí n tó mọ ojú rẹ̀ dáadáa. Cotonou ni ìyá mi ń gbé, ó ń ta aṣọ. Ó máa ń pè wá lórí fóònù kékeré tí ìyá àgbà fi ń dá a lóhùn, wọ́n á sì gbé e fún mi kí n kí i. Ẹ̀yin tí ẹ kì í kólòlò, ẹ kò lè mọ ohun tí fóònù máa ń fi ojú irú wa rí. Mo máa ń gbé e sétí, ọ̀rọ̀ á há, ìyá mi kò sì ní gbọ́ nǹkan kan. Á ní, "Àló? Àló? Áà, rézò tún ti lọ." Á pa á. Rézò, ìyẹn nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù, kò lọ síbì kankan. Èmi ni mo dúró síbẹ̀, tí mo ń tiraka láti sọ pé ẹ kú iṣẹ́, màmá.

Àbúrò ìyá mi ọkùnrin ló mú fóònù aláfọwọ́rá wá fún mi nígbà tó wá kí wa láti Cotonou. Ó ní kí n máa fi kàwé kí n lè tún bákì ṣe. Mo kàwé lóòótọ́, fún bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Lẹ́yìn náà ni ẹnìkan tí a jọ lọ sí lísè fi mí sínú ẹgbẹ́ kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí àwọn obìnrin láti oríṣiríṣi ìlú ti ń kó ìṣòro ilé wọn sílẹ̀ ní èdè Faransé kí ẹlòmíràn lè gbà wọ́n nímọ̀ràn. Mo kọ́kọ́ ń kà á bí ẹni ń yọjú wo inú ilé onílé. Lọ́jọ́ kan, obìnrin kan kọ̀wé pé ìyá ọkọ òun wá kí àwọn, kò sì lọ mọ́, ó ti gba ilé ìdáná lọ́wọ́ òun pátápátá. Mo rántí bí ìyá àgbà ṣe parí irú ìjà bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn ará ilé kejì wa. Mo kọ ọ́ síbẹ̀. Ìka mi kò há. Gbólóhùn náà jáde láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó dúró ṣinṣin, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́. "Ẹ ṣé o, Tàǹtí." Wọ́n rò pé àgbàlagbà ni mí. N kò sọ fún wọn pé n kò tíì pé ogún ọdún.

Bí mo ṣe di Tàǹtí nìyẹn. Bí mo bá rántí rẹ̀ báyìí, ẹ̀rín máa ń pa mí. Ọmọkùnrin kan wà tó ń ta bẹntiróòlù inú ìgò lójú títì Ikpinlè. Bí ó bá ti kí mi, ńṣe ni mo máa ń di ọ̀nà ọ̀fun mú bí ẹni tí ikọ́ ń dà láàmú, n ó sì sáré kọjá kí ó má baà retí pé kí n dáhùn. Èmi yẹn náà ni mo ń kọ́ àwọn ìyá ọlọ́mọ ní Lomé àti Libreville bí wọn yóò ṣe máa bá ọkọ wọn sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n ó dùn. N kò ní purọ́ fún yín. Láti kékeré ni mo ti ń rí i tí ojú ènìyàn máa ń yí kúrò lójú mi kí n tó sọ ìdajì ọ̀rọ̀, àwọn kan á tilẹ̀ fi ìyọ́nú bá mi parí ohun tí n kò fẹ́ sọ. Nínú fóònù yẹn, àwọn ènìyàn ń dúró dè mí. Wọ́n á ní, "Ẹ jẹ́ kí Tàǹtí dé ná." Bí mo bá ṣí fóònù tí mo sì rí i pé wọ́n ti ń wá mi, ara mi á gbóná, bí ẹni tí wọ́n gbé àga fún níwájú àwùjọ. Kí ló wá fẹ́ mú mi padà sínú ayé tí mo ti ń fi orí dáhùn?

Díẹ̀ díẹ̀ ni mo fi bọ́ sínú rẹ̀. Èmi ni mo máa ń yan gàrí, torí pé èéfín ti ń dá ojú ìyá àgbà láàmú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ kan yan án, mo ń fi ọwọ́ kejì di fóònù mú. Gàrí jóná lọ́jọ́ kìíní, ìyá àgbà rẹ́rìn-ín, ó ní bóyá èèyàn kan wà níbì kan tó ń wá gàrí dúdú rà. Ó jóná lẹ́ẹ̀kejì, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Kò sí iná mànàmáná lọ́dọ̀ wa nígbà náà, nítorí náà ọ̀dọ̀ bábà kan tó ń gẹ irun ní Ikpinlè, tó gbé ẹ̀rọ tó ń gba agbára oòrùn sórí òrùlé rẹ̀, ni mo ti ń gba iná sí fóònù. Mo lè fi ẹsẹ̀ rìn débẹ̀ nínú oòrùn ọ̀sán gangan, èmi tí ìyá àgbà yóò rán sí ilé kejì tí n ó ní ó ti rẹ̀ mí. Bí mégà tí mo rà láti fi wọ íńtánẹ́ẹ̀tì bá tán, ara mi kì í lélẹ̀. N ó máa kanra mọ́ ewúrẹ́, n ó máa kanra mọ́ ìkòkò. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́bìnrin abúlé bá ń lọ bá ara wọn ṣiṣẹ́ lóko, èmi á ní orí ń fọ́ mi. Nígbà ìsọmọlórúkọ, ẹ̀yìn ilé ni mo máa ń wà, níbi tí rézò ti ń mú dáadáa, lábẹ́ igi ọ̀pẹ kan báyìí. Ahọ́n tó ti wúwo tẹ́lẹ̀ wá dákẹ́ pátápátá. Ó tó ìgbà kan tó jẹ́ pé "ẹn-ẹn" nìkan ló ń jáde lẹ́nu mi láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló kọ́kọ́ bá mi sọ ọ́. Massè ló ti ń dáko, ó ń gbin àgbàdo àti ẹ̀gẹ́, ó sì ń dá ẹmu. Ó máa ń gun alùpùpù rẹ̀ wá wò wá lọ́jọ́ ọjà. Lọ́jọ́ kan, ó kí mi, ó tún mi kí, n kò gbọ́. Ó wá jókòó tì mí.

"Kí ló wà níbẹ̀ gan-an?"

Mo na fóònù sí i. Ó fi ìka fà á sókè, ó fà á sísàlẹ̀, ó kà á díẹ̀, ó sì dá a padà fún mi.

"Àwọn obìnrin tó ń ṣàròyé ọkọ ni gbogbo èyí? Wọ́n wà létí kànga níbí náà."

Inú bí mi. Mo fẹ́ dá a lóhùn, ọ̀rọ̀ há, ó sì dúró dè mí, ṣùgbọ́n èmi ni n kò lè dúró. Mo dìde, mo lọ sábẹ́ ọ̀pẹ, mo lọ kọ ẹjọ́ rẹ̀ fún àwọn tèmi nínú fóònù pé ẹ̀gbọ́n mi kò mọ iyì mi. Wọ́n tù mí nínú, wọ́n bá mi bú u. Òun kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, ó ń bá ìyá àgbà fún ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé.

Fóònù tirẹ̀ kò yàtọ̀ sí tèmi. Ó máa ń wo ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù wọlé, á hó, á bú gbajúmọ̀ kan tó ta bọ́ọ̀lù nù, á sì ti fóònù bọ àpò títí di ọjọ́ kejì. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rò ó, pé kí ló dé tí nǹkan kan náà kò fi dè é. Ohun tí mo rí ni pé ẹ̀gbọ́n mi kò ní nǹkan tó ń wá níbẹ̀. Ó ní àwọn tí wọ́n jọ ń mu ẹmu, ó ní oko tó ń pè é láàárọ̀, bí ó bá sọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn ń gbọ́. Èmi gbé ebi wọ inú fóònù. Mo gbé bákì tó já mi kulẹ̀ wọ ibẹ̀, mo gbé ìyá mi tó ń sọ pé rézò ti lọ wọ ibẹ̀, mo sì gbé ìgbéraga díẹ̀ wọ ibẹ̀ pẹ̀lú, torí mo gbàgbọ́ pé mo gbọ́n ju bí ẹnikẹ́ni ní abúlé wa ṣe mọ̀ lọ. Fóònù kò ṣe ju pé ó ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó ti ń kànkùn.

Ìgbà òjò ni ìyá àgbà ṣubú. Ọ̀sán ni. Ó dìde láti gbé àpò ẹ̀gẹ́ tí a fi òkúta tẹ̀, ó na ọwọ́ bí ẹni ń wá ògiri níbi tí kò sí ògiri, ó sì jókòó sílẹ̀ wọ̀ọ̀. Nígbà tí mo fi gbójú sókè, ẹ̀gbọ́n mi, tó bá wa nílé lọ́jọ́ náà, ti gbá a mú. A gbé e sáàárín wa lórí alùpùpù, ó di ilé ìwòsàn. Bí ó ti já wa sílẹ̀ ni ó rántí pé iná ṣì ń jó lábẹ́ agbada gàrí, pé kò sì sẹ́ni nílé. Ó ní òun ń padà bọ̀, ó sì sáré lọ.

Ọkùnrin kan ló wà lẹ́nu iṣẹ́, ọmọ òkè lọ́hùn-ún, níhà àríwá. Nọ́ọ̀sì ni, ṣùgbọ́n dókítà ni gbogbo wa ń pè é. Kò tíì pẹ́ tó dé àdúgbò wa, kò sì gbọ́ èdè wa rárá. Obìnrin tó máa ń túmọ̀ fún un ń gbẹ̀bí lọ́wọ́ nínú yàrá kejì. Ìyá àgbà kò gbọ́ Faransé ju "bọ̀ǹzúù" lọ. Èmi nìkan ló kù.

Mo yọ fóònù kí n fi kọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Kò sí iná nínú rẹ̀. Láti òwúrọ̀ ni mo ti ń fi parí ìjà láàárín obìnrin méjì ní Lomé. Mo nawọ́ sí bíírò tó wà lórí tábìlì, àmọ́ dókítà ti wé nǹkan mọ́ apá ìyá àgbà, ó ń fún un, ojú rẹ̀ wà lára ẹ̀rọ. Ó ní, "N kò ráyè kàwé. Sọ ọ́ fún mi, mo ń gbọ́. Ìgbà wo ló ti ń ṣe é?"

N kò mọ̀. Mo yíjú sí ìyá àgbà, mo bi í ní èdè wa. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó yé mi yékéyéké.

"Láti ìgbà tí a ti ń ya àgbàdo ni òòyì ti ń kọ́ mi."

"Ẹ... ẹ... ẹ ò sọ fún mi."

"Mo sọ fún ọ, ọmọ mi. O ní ẹn-ẹn."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó kàn ń dá mi lóhùn ni. Ó tún fi kún un pé òun ti gbé oògùn kan mì láàárọ̀, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ọkùnrin tó ń fi alùpùpù kiri tà fún òun, pé nígbà tí ara kò lélẹ̀, òun tún gbé òmíràn mì. Dókítà ti ka ohun tí ẹ̀rọ sọ, ó mi orí, ó sì ń fa oògùn sínú abẹ́rẹ́. Mo mọ̀ pé ó yẹ kó gbọ́ ọ̀rọ̀ oògùn yẹn kó tó gún un. Mo yanu. Ọ̀rọ̀ Faransé tí wọ́n fi ń pe oògùn oníkóró bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀nà ọ̀fun gan-an, ibi tó burú jù fún mi. "Kọ... kọ... kọ..." Ọrùn mi le. Ó gbé abẹ́rẹ́ sókè. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ẹni mìíràn ì bá jágbe mọ́ mi. Ó wo ọwọ́ mi, ó wo ojú mi, ó sì rọra gbé abẹ́rẹ́ sínú àwo. Ó fa àpótí kan, ó jókòó sórí rẹ̀. Kò bá mi sọ ọ̀rọ̀ náà, kò yíjú sí fèrèsé, kò wo ẹnu mi. Ojú mi ló ń wò. Ó ní, "Máa sọ ọ́ bó ṣe ń bọ̀." Mo sọ ọ́. Ó gba àkókò, n kò mọ bó ṣe pẹ́ tó, ṣùgbọ́n mo sọ gbogbo rẹ̀, oògùn àárọ̀, oògùn kejì, òòyì láti ìgbà àgbàdo. Nígbà tí mo parí, ó mí kanlẹ̀, ó da ohun tó wà nínú abẹ́rẹ́ nù, ó sì wá ọ̀nà mìíràn tọ́jú rẹ̀. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé bí òun bá ti gún un ní abẹ́rẹ́ yẹn lórí ohun tó ti gbé mì, ó ṣeé ṣe kí ó má jí mọ́.

Ìyá àgbà sùn síbẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, ó sì padà wálé. Lọ́jọ́ tó dé, mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo ń sunkún, mo ní màá ju fóònù náà sínú kànga.

"Kí ni kànga ṣe fún ọ?" Ó fọwọ́ pa mí lórí. "Àwọn tó wà nínú rẹ̀, ṣé èèyàn burúkú ni wọ́n?"

Mo mi orí pé rárá.

"Kí ni wọ́n ń sọ?"

Mo gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tó fẹ́ sọ pé ọ̀rọ̀ náà pọ̀. Ó ní, "Rárá, ẹnu ni kí o fi sọ ọ́. Dókítà ní kí n má ṣiṣẹ́, kí n máa jókòó. Ìjókòó yìí ló máa pa mí. Bí o bá ti ka ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ wọn, wá sọ ọ́ fún mi. Bí n kò bá tíì gbọ́ ọ, má lọ ka òmíràn."

Àdéhùn tí a ṣe nìyẹn, kò gba fóònù lọ́wọ́ mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo jókòó tì í, mo sọ ọ̀rọ̀ obìnrin kan ní Libreville tí ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ̀ wá sọ́dọ̀ wọn pé òun fẹ́ lo ọjọ́ méjì, tí oṣù sì ti ń gorí oṣù, tó jẹ́ pé orí ẹja ni àlejò náà máa ń yàn nínú ọbẹ̀. Mo há níbi Libreville, mo há níbi ẹja. Ìyá àgbà kò mira. Ó jẹ́ kí n parí. "Kó fún un ní ọkọ́," ló sọ. "Láàárọ̀ kùtùkùtù. Kó fi ẹ̀rín fún un, kó sì kí i pé ẹ kú iṣẹ́." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo kọ ọ́ sí wọn. Obìnrin náà dáhùn pé kò sí oko ní Libreville. Ìyá àgbà ní ìgbálẹ̀ wà níbẹ̀ ṣá.

Àwọn obìnrin tó máa ń bá wa fún ẹ̀gẹ́ gbọ́ ọ. Ọjọ́ kejì, wọ́n dé, wọ́n ní ọ̀rọ̀ àlejò yẹn ńkọ́. Mo ní kò tíì sí èsì. Ọjọ́ kẹta, wọ́n ti jókòó kí n tó jáde. Nígbà tí èsì dé pé obìnrin náà fún àlejò ní ìgbálẹ̀ lóòótọ́, àti pé àlejò ti di ẹrù rẹ̀, wọ́n ju ẹ̀gẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Láti ìgbà náà, abẹ́ ìbòòji tí a ti ń fún ẹ̀gẹ́ di kóòtù. Èmi ni mo ń ro ẹjọ́, wọ́n ń jiyàn, ìyá àgbà ń dá a. Mo ń kólòlò bí mo ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ gbọ́ ìparí ọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń dúró. Lọ́jọ́ kan, mo há níbi tí ọkọ ẹnìkan ti ń bọ̀ láti ìrìn-àjò pẹ̀lú nǹkan kan. Aládùúgbò wa kan fẹ́ bá mi parí rẹ̀, ó ní, "Pẹ̀lú ìyàwó tuntun!" Agbòòrùn ni mo fẹ́ sọ. Àwọn tó kù yí sí i. "Ta ló bi ọ́? Fi í sílẹ̀, ó ń bọ̀!" N kò tíì rí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, kí ènìyàn máa bínú sí ẹlòmíràn nítorí pé kò jẹ́ kí n kólòlò tẹ́rùn.

N kò fẹ́ kí ẹ rò pé ó tán síbẹ̀. Nígbà ọyẹ́, ìyá àgbà lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ní Pobè kí wọ́n lè máa tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Iṣẹ́ gàrí dáwọ́ dúró, àwọn obìnrin tú ká, ilé sì dákẹ́. Mo padà sábẹ́ ọ̀pẹ. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi fi dé, n kò tíì wẹ̀, n kò gbálẹ̀, adìyẹ ti wọ inú yàrá. Kò bú mi. Ó lé adìyẹ jáde, ó gbálẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ní, "Wá bá mi se oúnjẹ àwọn òṣìṣẹ́ ní Massè." Mo mọ̀ pé kò sí rézò ní oko rẹ̀. Òun náà mọ̀ pé mo mọ̀. Mo dúró pẹ́ kí n tó di ẹrù mi.

Ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ le. Ọwọ́ mi ń lọ sí ìbàdí fúnra rẹ̀, ó ń wá fóònù tí mo ti tì sísàlẹ̀ ẹrù mi. Ẹ̀gbọ́n mi kò dá sí i. Iṣẹ́ kan ló gbé lé mi lọ́wọ́, pé bí oúnjẹ bá jinná, kí n dúró lórí òkìtì, kí n pe àwọn òṣìṣẹ́ tó ti tàn ká inú oko. Mo ní ṣé ó fẹ́ kí n dójú ti ara mi ni. Ó ní ebi kì í jẹ́ kí ènìyàn wo bí wọ́n ṣe pè é. Mo gun òkìtì, mo fa èémí, mo sì na ohùn náà jáde gbọọrọ, "Ẹ wá jẹun oooo!" Kò há. Mo tún un pè, kò há. Mo pè é ju bó ṣe yẹ lọ lọ́jọ́ náà, títí tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń kígbe láti inú àgbàdo pé àwọn ti gbọ́, ṣé oúnjẹ náà ń sá lọ ni.

Èmi fúnra mi ni mo gbé fóònù fún ẹ̀gbọ́n mi kí a tó kúrò ní Massè, mo ní kó máa bá mi tọ́jú rẹ̀, kó máa mú un wá lọ́jọ́ ọjà. Kò bi mí ní ìdí. Ní ọjọ́ ọjà kan bẹ́ẹ̀, mo kọ̀wé sí àwọn obìnrin inú ẹgbẹ́ pé èmi kì í ṣe àgbàlagbà, pé ọmọ abúlé ni mí, akólòlò sì ni mí, pé ìyá àgbà mi ló ń dá ẹjọ́ tí wọ́n ń yìn mí fún. Díẹ̀ nínú wọn bínú. Èyí tó pọ̀ jù ní kí n bá àwọn kí Tàǹtí gidi, wọ́n sì béèrè bóyá ara rẹ̀ ti yá.

Ọdún ti gorí ọdún láti ìgbà náà. Mo wà lára àwọn tó ń bá ilé ìwòsàn ṣiṣẹ́ láàárín abúlé báyìí. Mo máa ń tẹ̀ lé àwọn aboyún àti àwọn arúgbó débẹ̀, mo ń sọ èdè wa di Faransé, mo sì ń sọ Faransé di èdè wa. Mo ṣì ń kólòlò, àwọn aláìsàn sì ti mọ̀ pé bí mo bá há, kí wọ́n fara balẹ̀. Mo ní fóònù. Mo ń fi pe ìyá mi ní Cotonou, òun náà sì ti kọ́ láti má tètè pa á. Ọjọ́ wà tí ìbànújẹ́ bá dé, tí ọwọ́ mi á tún fẹ́ wọ inú fóònù lọ bí ti àtijọ́. N kì í bá a jà púpọ̀. Mo ti mọ ohun tó ń wá, mo sì ti mọ ibòmíràn tó wà. N ó dìde, n ó lọ síbi tí wọ́n ti ń fún ẹ̀gẹ́, n ó jókòó sáàárín wọn.

Wọ́n ti gbé dókítà yẹn lọ sí ibòmíràn ní àríwá kí n tó rí ẹnu fi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Mo máa ń rántí àpótí tó fà tó sì jókòó lé. Ó lè jẹ́ pé òun ti gbàgbé rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kì í fẹ́ kí a sọ ọ̀rọ̀ náà rárá, bí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́, á ní kí n lọ pe àwọn òṣìṣẹ́ wá jẹun. Àwọn obìnrin Lomé àti Libreville yẹn, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn náà. Wọ́n dúró dè mí nígbà tí ẹlòmíràn kò tíì dúró, kì í sì í ṣe ẹ̀bi wọn pé mo fẹ́ gbé ibẹ̀ títí ayé.

Ìyá àgbà wà láàyè. Ó ti dàgbà gan-an, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e jìnnà mọ́, etí rẹ̀ sì ti di. Bí àwọn ènìyàn bá ń bá a sọ̀rọ̀, á máa mi orí, á máa rẹ́rìn-ín, mo sì mọ̀ pé kò gbọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí èmi bá jókòó tì í tí mo ń ròyìn ọjọ́ fún un, á dá mi lóhùn kedere, á bi mí ní ìbéèrè, á dá ẹjọ́. Ìyá mi bi í lọ́jọ́ kan pé báwo ló ṣe jẹ́ pé ohùn mi nìkan ló ń wọ̀ ọ́ létí. Ìyá àgbà ní kò sí ohun ìyanu níbẹ̀. Ó ní àwọn yòókù ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á sì kọjá lọ. Ó ní èmi máa ń pe ọ̀rọ̀ kan títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ òun.